Ẹni Tó Ń Lo Ẹ̀rọ Bàbá

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa kí Ìyàwó tó jí lọ́jọ́ náà, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì jí i. Ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ìró náà ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń dúró, ó tún ń lọ, bí Bàbá ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á dìde lọ po tíì fún un báyìí, ṣúgà méjì, mílíìkì díẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù ló tó rántí pé ó pé ọ̀sẹ̀ méjì géérégé tí wọ́n ti sin Bàbá, àti pé omi ló ń kán sínú korobá ní balùwẹ̀. Ó jókòó sétí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn jókòó ni.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́bí rẹ̀ ti ga jù ú lọ. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ ilé náà, orúkọ náà sì máa ń dùn lẹ́nu ọkùnrin yẹn débi pé kò sẹ́ni tó tún wá òmíràn. Télọ̀ ni Bàbá. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, níbi tí fèrèsé ńlá kan kọjú sí títì. Òun, Ìyàwó àti ọkọ Ìyàwó ló jọ ń gbé ilé náà, torí àwọn ọmọ Ìyàwó ti lọ sí ilé ìwé lókèèrè. Ọkọ yìí ni àbíkẹ́yìn. Iṣẹ́ ilé kíkùn ló ń ṣe, Péńtà sì ni àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ Bàbá méjì yòókù ń gbé lọ́tọ̀. Àgbà wọn ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Ìyàwó sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Obìnrin ni èkejì, ó rẹwà, ó mọ ara rẹ̀ẹ́ tọ́jú, Ìyàwó sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀.

Akọ̀wé ti ránṣẹ́ pé ní aago mẹ́rin ọ̀sán òní, ẹnìkan ń bọ̀ wá ra ẹ̀rọ Bàbá. Télọ̀ ti kú, kí la tún fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Ohun tó wí nìyẹn, ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á sì ní ó bọ́gbọ́n mu. Ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyí: ọdún mẹ́ta gbáko tó gbẹ̀yìn ayé Bàbá, ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kò rí àwọ̀ aṣọ, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ihò abẹ́rẹ́. Ìyàwó ló ń ránṣọ. Gbogbo aṣọ tí àdúgbò ń wọ̀ yangàn láti ọdún mẹ́ta, tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ Bàbá kì í yẹ̀, Ìyàwó ló rán wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn. Ó sì ti ṣèlérí fún Bàbá pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wọ yàrá iwájú láti gbálẹ̀, oòrùn ti gba fèrèsé wọlé, eruku ń léfòó nínú rẹ̀. Ó di ìgbálẹ̀ mú, ó dúró. Ó ń rí Bàbá lórí àga, ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì lábẹ́ ẹ̀rọ, tó kọjú síbi tí kò sí nǹkan kan. Ọgbọ́n tí àwọn méjèèjì jọ dá kò pọ̀. Bí oníbàárà bá wà nítòsí, Bàbá á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á na aṣọ síwájú, á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ ràì, abẹ́rẹ́ kò sì ní òwú. Àdúgbò á gbọ́ ìró, ọkàn wọn á balẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa aṣọ fèrèsé, wọ́n á ní Bàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Ìyàwó á wá jókòó, á fi òwú sí abẹ́rẹ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bàbá á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fetí tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó, o ti ń sáré jù ní èjìká yẹn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èjìká ni, Bàbá?"

"Ẹ̀rọ ló sọ fún mi. Tú u."

Á sì tú u. Ọjọ́ kan wà tí Ìyàwó gbàgbé òwú sínú abẹ́rẹ́. Oníbàárà kan wọlé, ọ̀rọ̀ dùn, Bàbá ń tẹ ẹ̀rọ lọ, kò sì fura. Nígbà tí àlejò fi máa lọ, ó ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò olówó kan méjèèjì pọ̀, ó sì ti rán etí aṣọ tó wà lọ́rùn ara rẹ̀ mọ́ wọn. "Má jẹ́ kí n dìde o," ni Bàbá ń wí, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Tí mo bá dìde báyìí, mo ti jalè nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Bó bá sì rẹ Ìyàwó, Bàbá á ní kó ká aṣọ fèrèsé kúrò, kó wo títì fún òun. "Kí ló ń kọjá?" Ìyàwó á sọ ọ́. Ọkùnrin kan ń gbé dígí ńlá kọjá, Bàbá, gbogbo títì ló wà nínú rẹ̀, àwọn ilé náà ń rìn. "Sọ ọ́ dáadáa," ni Bàbá á wí, á sì di ojú tí kò ríran. Ìyàwó á tún un sọ, ilé kan, ilé kejì, fèrèsé tiwọn náà, òun àti Bàbá nínú fèrèsé.

Inú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá ti gba ìlérí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. "Tí àwọn ọmọ mi bá gbọ́, wọ́n á kó mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n á gbé mi sórí àga kan ní kọ̀rọ̀ ilé Akọ̀wé, wọ́n á máa fi ṣíbí bọ́ mi, tí àlejò bá dé wọ́n á ní kí n wọlé. Má sọ, Ìyàwó."

"Mi ò ní sọ, Bàbá."

Akọ̀wé àti Ìdílẹ̀kẹ̀ dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìkà kọ́ ni Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Òun ló sanwó ilé ìwòsàn nígbà tí àyà ń dun Bàbá, òun ló sì sunkún jù lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó kàn jẹ́ pé nǹkan tí àwọn ẹlòmíràn bá fẹ́ rò, òun á ti ṣe é tán. Ó ti fi ìwé sẹ́nu ọ̀nà pé kí gbogbo ẹni tó ní aṣọ lọ́dọ̀ olóògbé wá gbé e kí ọjọ́ tó lọ. Wọ́n sì ń wá.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gba aṣọ òdòdó rẹ̀ tí wọn kò tíì gé, ó fi nu ojú, ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ kan, obìnrin tó sanra díẹ̀ tí aṣọ kì í sábàá gbà á bọ̀rọ̀.

"Ó ti tó ogún ọdún tí Bàbá ti ń ránṣọ fún mi," ló wí. "Ìyàwó, èyí tó rán láìpẹ́ yìí ló bá mi mu jù. Mi ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí ó ṣe ń dàgbà ni ọwọ́ rẹ̀ ń dára sí i. Ta ni mo máa gbé èyí fún báyìí?"

Ìyàwó ká aṣọ náà, ó tún un ká. Inú rẹ̀ ń dùn, inú rẹ̀ ń bàjẹ́, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ dá lóhùn. "Ẹ máa rí ẹlòmíràn, mà," ló wí, ó sì fi aṣọ náà lé e lọ́wọ́. Ẹnu ara rẹ̀ korò fún un bó ṣe sọ ọ́ tán.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀ọ́kán, ti gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà kí nǹkan kan má baà fo òun. Ó ń bá gbogbo ẹni tó ń jáde kẹ́dùn. "Ọwọ́ yẹn ti lọ o," ló ń wí. "Kò sí i mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n rán? Ìyàwó ibí yìí, ọmọ dáadáa ni, ó mọ àgbàlagbà tọ́jú, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ abẹ́rẹ́ mú ni?" Nígbà tó bá sọ ọ́ tán, á tún fa aṣọ tó wà lára rẹ̀ gún. Oṣù tó kọjá ni Ìyàwó rán an fún un.

Ìyàwó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná. Ìrẹsì wà lórí iná. Péńtà wọlé wá mu omi, ọ̀dà funfun ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀," ni Ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Kí n ní kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí ẹ máa ní. Inú ilé yìí lẹ̀ ń gbé. Ẹ rí mi nídìí rẹ̀."

Péńtà fi ọwọ́ nu ẹnu. "Tí mo bá sọ, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ láti ọdún mẹ́ta. Àdúgbò á ní Bàbá ń tan àwọn jẹ. Kí ló wà nínú rẹ̀? Jẹ́ kí Bàbá sinmi."

"Bàbá ń sinmi. Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ lásán ni. Tí ọwọ́ mi bá tẹ nǹkan, màá ra òmíràn fún ẹ."

"Ẹ ra kí ni?" Ìyàwó yíjú sí i. "Ọdún mẹ́ta ni mo ń yọ́ ránṣọ nínú ilé yìí bí ẹni tó ń jí ẹran inú ìkòkò jẹ. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá lójú mi, inú mi sì ń dùn, torí Bàbá ni. Mi ò bínú sí Bàbá lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi báyìí, wọ́n ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti kú, pé a ti sin ín. Kí n tún wá bá wọn gbé ẹ̀rọ síta?"

Péńtà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òórùn ìrẹsì tó ń jóná ló rán àwọn méjèèjì létí ibi tí wọ́n wà.

Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà nínú yàrá iwájú, abọ́ lórí itan. "Ìyàwó wa, ìrẹsì yìí ti jóná," ni Ìdílẹ̀kẹ̀ wí.

"Ẹ má bínú. Mo gbàgbé rẹ̀ ni."

"Tí Bàbá bá wà níbí, wọ́n á ní ìsàlẹ̀ ìkòkò gan-an làwọn fẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, títí kan Akọ̀wé, fún ìgbà díẹ̀ yàrá náà sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀, àfi àga kan tí kò sẹ́ni tó jókòó lé. Ìdílẹ̀kẹ̀ ń fi ṣíbí da oúnjẹ rú. "Ẹ mọ nǹkan tí Bàbá ṣe fún mi nígbà tí mo wá kẹ́yìn? Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lójú mú. Wọ́n ń fọwọ́ pa iwájú orí mi, imú mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọn ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo ní, Bàbá, kí ló dé, pọ́dà mi ń parẹ́. Mo bá yọ ọwọ́ wọn kúrò." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ni. "Ọjọ́ ogbó kò rọrùn."

Ìyàwó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tí Ìdílẹ̀kẹ̀ lọ, Bàbá jókòó lórí àpótí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi ìka kan ra ìka kejì, pọ́dà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí Ìyàwó má tíì bu omi ìfọwọ́ wá.

Aago mẹ́rin ń lù ni Alálòkù dé, ọkùnrin kúkúrú kan tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Ẹ̀rọ àlòkù ló ń rà, ó ń tún wọn ṣe, ó ń tà wọ́n. Ó kí gbogbo ilé, ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ Bàbá, ó fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, ó sì jókòó.

"Ta ló fi igi sábẹ́ ẹsẹ̀ àga yìí?" ló bèèrè.

Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. Ó wo ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á. Ó ṣí ikùn ẹ̀rọ, ó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ó gbóòórùn ìka. Ó sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rí ohun kan, ó fi èékánná méjì fà á jáde. Irun gígùn kan ni.

"Akọ̀wé, ẹ ní télọ̀ tó ni ẹ̀rọ yìí ti kú?"

"Bàbá wa ni. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á tù yín nínú." Alálòkù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yìí kò tíì kú. Obìnrin ni, kò ga, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ló fi òróró sí i. Mo ti ra ẹ̀rọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí láì bá a sọ̀rọ̀, ojú mi rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n rí i ná."

Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Péńtà ń wo ògiri, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kó kùn ún. Ìyàwó dúró sínú oòrùn fèrèsé, ó dà bíi pé wọ́n gbé gbogbo wọn sínú omi, tí wọ́n ń mí síbẹ̀. Ó wo àpótí. Ó gbọ́ Bàbá: má sọ, Ìyàwó. Kò dùn ún láti gbọ́ ọ. Ohùn náà dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá yé e, jẹ́jẹ́, bí nǹkan ṣe máa ń yéni lójú oorun, pé nítorí kí wọ́n má baà kó Bàbá kúrò nídìí ẹ̀rọ ni òun ṣe ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó lè kó Bàbá kúrò níbì kankan mọ́. Ìlérí náà ti pé.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ ni kí ni?" ni Akọ̀wé bèèrè.

"Èmi ni mo ń lò ó, Akọ̀wé. Láti ọdún mẹ́ta. Bàbá ò ríran mọ́. Ojú wọn fọ́."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Bàbá wo? Bàbá tí mò ń wá kí lóṣooṣù? Bàbá tó ń pè mí kí n tó yọ lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ìró bàtà yín ni. Wọ́n mọ ìró bàtà yín láti ojú títì."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Akọ̀wé. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀," ni Péńtà wí.

"O mọ̀! Ẹ wá gbé bàbá mi pa mọ́ sínú òkùnkùn, ẹ ń fi orúkọ wọn jẹun?" Ó ti ń pariwo. "Kò sí dókítà ni? Kò sí èmi ni?"

"Mo mú wọn lọ rí dókítà," ni Ìyàwó dáhùn. "Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Bàbá ní kí n má sọ fún yín kí ẹ má baà kó àwọn kúrò nídìí iṣẹ́. Mo pa á mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo fẹ́ràn wọn, Akọ̀wé, mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ pẹ̀lú etí wọn. Ẹni tí ẹ wá kó kúrò nídìí ẹ̀rọ lónìí, èmi ni. Mi ò sì ní kúrò."

Péńtà gbójú kúrò lára ògiri nígbà náà. "Òun ló ń ránṣọ, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láàárọ̀."

Ìdílẹ̀kẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn abọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sójú, kì í ṣe láti sunkún, ó kàn ń fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ń wò mí ni," ló ń wí. "Ẹ gbọ́, wọ́n ń wò mí ni." Ìyá Oníbúrẹ́dì rọra wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbá a mọ́ra.

"Ẹ máa lọ, Alálòkù," ni Akọ̀wé wí. "A ò tà á mọ́."

Alálòkù ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó pa ikùn ẹ̀rọ dé, ó dágbére, kò sì sẹ́ni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó lọ jókòó sórí àga. Kò rán nǹkan kan. Ó kàn fi ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà.

Akọ̀wé dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé.

"Ìyàwó. Ọdún tó kọjá ni orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú. Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ì bá wu Ìyàwó kó parọ́. "Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Akọ̀wé àwọn ti dàgbà. Wọ́n ní tí ẹ bá tún wá, àwọn máa fọwọ́ kan ewú náà."

"Wọn ò fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n na ọwọ́ sí yín, Akọ̀wé. Ẹ fi owó sí i, ẹ ní iṣẹ́ ń dúró dè yín."